Ìyá Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Àwọn kan wà láyé tí a bá ṣẹ̀ wọ́n, wọn a sunkún díẹ̀, wọn a fi etí aṣọ nu ojú, wọn a sì gbàgbé. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kì í ṣe ara wọn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí, yóò bá ọ rẹ́rìn-ín, yóò kí ọ pé o kú ìrìn, ṣùgbọ́n yóò mọ irú bàtà tí o wọ̀, yóò sì mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó fi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú, tí kò bì í, tí kò sì gbé e mì.

Ayàwòrán ni a ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ tí ó padà wá ń ṣe nìyẹn. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ, alágbàfọ̀ ni. Aṣọ àwọn dókítà àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ó fọ̀ títí ó fi darúgbó, tí ọṣẹ fi bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni ó fi rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, ọmọ náà sì jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé ọkọ, kò sí ẹni tó bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà nítorí pé ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì fún un lórúkọ: Ọmọ Alágbàfọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní orúkọ mìíràn.

Ọ̀gá Tíṣà ni ó tọ́ Káfíńtà dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Òun ni ó ra bàtà tí ó wọ̀ lọ sí ilé-ìwé, òun ni ó ra ayùn tí ó fi kọ́ṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí Ọ̀gá Tíṣà bá ti wúkọ́ lásán, Káfíńtà a ti dìde dúró. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Nígbà tí àkọ́bí tọkọtaya yìí pé oṣù márùn-ún, Ọ̀gá Tíṣà ní dandan, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ya fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti Káfíńtà. Ó kó ìyá àti ọmọ, ó di ilé fọ́tò. Ọmọ oṣù márùn-ún kò lè dá jókòó. Bí ẹ bá fi nǹkan gbé e ró lápá ọ̀tún, a ṣubú sí ti òsì. Àwọn onífọ́tò sì ní ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá sí i, pàápàá bí ó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ìrìnnà ni. Wọn a ní kí ìyá jókòó sórí àga, wọn a fi aṣọ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ìyá a wá di ọmọ mú lórí itan rẹ̀, ọmọ a sì rí bí ẹni tó jókòó sórí àga ńlá. Fún fọ́tò ìwé ìrìnnà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti ìwé ìrìnnà. Ayàwòrán ti jí ní kùtùkùtù, ó ti dirun, ó ti wọ aṣọ tuntun, ó sì ti fi òróró ra ẹsẹ̀ ọmọ títí ó fi ń dán.

"Kí ìyá rẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀," ni onífọ́tò wí, bàbá arúgbó ọlọ́yàyà kan. "Àwọn méjèèjì á dùn ún wò."

"Ọmọ ni mo mú wá ya fọ́tò," ni Ọ̀gá Tíṣà dá a lóhùn. "Fi aṣọ bo ìyẹn."

Ìyẹn. Wọ́n sì fi aṣọ bo ìyẹn. Abẹ́ aṣọ náà gbóná, eruku wà níbẹ̀, òógùn sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ imú Ayàwòrán bọ́ sórí aṣọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ó ń gbọ́ bí Ọ̀gá Tíṣà ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ, tí ó ń pè é ní ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ wa, arẹwà ilé wa. Òun tí ó fi oṣù mẹ́sàn-án gbé e kiri di àga.

Fọ́tò náà dára. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ọwọ́ kan yọ láti abẹ́ aṣọ, ó di ọmọ mú ní ìbàdí. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ Ìyá Àgbà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Tíṣà ní àlejò níbẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí Ayàwòrán gbé omi wá fún wọn. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwo tí ó to ife omi sí lọ́wọ́, ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé:

"Ọmọ yìí mà dára o. Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni," ni Ọ̀gá Tíṣà wí, kò tilẹ̀ yí ọrùn padà.

Omi kò dànù. Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó gbé ife lé wọn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún bi wọ́n bóyá omi náà tutù tó. Ṣùgbọ́n kí ó tó padà dé ilé ìdáná, ó ti pinnu. Kò ní jà. Kò ní lọ sunkún fún bàbá rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí Ọ̀gá Tíṣà fi ẹnu ara rẹ̀, nínú pálọ̀ yìí kan náà, níwájú àlejò, sọ ẹni tí òun jẹ́ sí ọmọ òun. Bí ó bá máa gba ogún ọdún, kí ó gba ogún ọdún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sí ilé fọ́tò náà.

"Kí ni ìwọ abiyamọ fẹ́ fi iṣẹ́ fọ́tò ṣe?" Bàbá Onífọ́tò bi í.

"Mo fẹ́ fi gbẹ̀san ni, bàbá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo àwọn tó ti ń wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ náà, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ pẹ́ díẹ̀. Wá lọ́la."

Ó pẹ́. Ó kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ṣe ń rìn lára ògiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó kọ́ bí a ṣe ń fọ fíìmù nínú yàrá dúdú, tí a ń mi àwo omi ìfọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tí ojú Bàbá Onífọ́tò kò ríran dáadáa mọ́, ó fi ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà àtijọ́ ńlá rẹ̀. Ayàwòrán sọ pátákó ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, ó kọ tuntun: ILÉ FỌ́TÒ ỌMỌ ALÁGBÀFỌ̀. Káfíńtà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní orúkọ tí wọ́n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó yẹ kí òun lò ó.

Títí di ìgbà yẹn, ọmọ ti di mẹ́ta. Àkọ́bí, obìnrin, ti pé ọdún mẹ́fà. Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ sọ tí kò ní bèèrè ẹ̀rí rẹ̀. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e, ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ni Ṣọ́jà, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà. Abíkẹ́yìn, tí kò tíì pé ọdún kan, ni Kékeré; ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni adírẹ́sì rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni Ayàwòrán yà sọ́tọ̀ fún àwọn abiyamọ. Ẹ wo ilé fọ́tò lọ́jọ́ náà: kẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ìgò wàrà lórí fèrèsé, bàtà kékeré tí kò ní ìkejì lábẹ́ àga, Agbẹjọ́rò tó ń pín bisikíìtì, tó sì ń dájọ́ láàárín àwọn tó ń jà sí i. Òfin kan ni ó wà níbẹ̀. Ìyá ni ó ń kọ́kọ́ jókòó. Bí ìyá kan bá ní, "Ẹ má wulẹ̀ yà mí, ọmọ ni kí ẹ yà, mi ò tíì dirun," Ayàwòrán a gbé kọ́ọ̀ǹbù, a fún un. "Ọmọ yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Jókòó kí a rí ibi tó ti wá." Ìyá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gan-an ni a ó sì rí nínú fọ́tò. Ògiri ilé náà kún fún wọn: ìyá tí ọmọ ń fa etí rẹ̀, ìyá tó sùn lọ lórí ìjókòó tí ọmọ méjì sùn lé láyà, ìyá tí ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ tí ó sì lẹ́wà bẹ́ẹ̀. Kò sí aṣọ ìbora kankan nínú ilé náà.

Ọjọ́ Àìkú ni ti àwọn tirẹ̀. Wọn a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé, Káfíńtà a fi àjákù pákó gbẹ́ ẹṣin fún Ṣọ́jà, Agbẹjọ́rò a ka ìwé sókè fún Kékeré tí ń gbìyànjú láti jẹ ìwé náà. Ayàwòrán a gbé kámẹ́rà, a máa yà wọ́n. Ní ọjọ́ kan ni ó to gbogbo fọ́tò ẹbí rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wo gbogbo wọn tán, tí ó wá rí i pé kò sí ìyá nínú ọ̀kankan wọn. Ṣé òun náà ni ó wá ń fi aṣọ bo ara rẹ̀ báyìí?

Ohun tí Ọ̀gá Tíṣà náà ti ronú kàn nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ti ilẹ̀kùn ilé fọ́tò, ó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọmọ Alágbàfọ̀."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rí pátákó lẹ́nu ọ̀nà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní orúkọ náà dùn. Mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ sọ mí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Tíṣà wo ògiri yíká, ó wo àwọn ìyá, ó fa imú. "Màmá á pé ọgọ́rin ọdún ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Mo fẹ́ fọ́tò ẹbí, ńlá, tí yóò gba ògiri pálọ̀. Ìwọ ni wàá yà á, lọ́la."

"Gbogbo ẹbí?"

"Gbogbo ẹbí. Màmá, èmi, àbúrò mi, àwọn ọmọ."

"Èmi náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìwọ kẹ̀?" Ọ̀gá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì hàn pé ẹ̀rín náà ti wà ní ìpamọ́ láti ilé. "Ìgbà wo ni onífọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú fọ́tò? Ìwọ lo yan iṣẹ́ tó wù ọ́. Dúró sídìí ẹ̀rọ rẹ."

Ayàwòrán mọ̀ pé kámẹ́rà mìíràn wà tó lè dá ara rẹ̀ ya fọ́tò, kí ẹni tó gbé e kalẹ̀ sì sáré lọ dúró pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá dá a lábàá, Ọ̀gá Tíṣà yóò lọ pe onífọ́tò mìíràn. Ó ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́rin ni n ó dé, torí ìmọ́lẹ̀."

Lẹ́yìn tí ó lọ tán, ó ti ilé iṣẹ́ pa, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

"O lè sọ fún un pé o kò ṣe," ni Káfíńtà wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè sọ fún un pé o kò ní í dúró síbẹ̀ bí èmi kò bá sí níbẹ̀?"

Káfíńtà tẹ orí mọ́ pákó rẹ̀, ó ń fá a. Ibi tó ń fá ti jọ̀lọ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin kò tíì lù tí Ayàwòrán fi dé pálọ̀ Ìyá Àgbà pẹ̀lú kámẹ́rà àtijọ́ náà, Kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ń dúró dè é. Ó gbójú sókè, ó sì rí ohun tí Ọ̀gá Tíṣà ṣe.

Dígí kan ni, tuntun, ó ga bí ilẹ̀kùn, ó fẹ̀ bí ibùsùn, góòlù sì yí etí rẹ̀ ká. Àwọn ọmọ Ọ̀gá Tíṣà tó wà lókè òkun ni wọ́n fi ránṣẹ́ fún ọgọ́rin ọdún ìyá ìyá wọn, kò sì sí àlejò tó wọlé lọ́sẹ̀ náà tí kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà ti gbé e fara ti ògiri, ó sì ti gbé àga Ìyá Àgbà síwájú rẹ̀ gan-an, kí gbogbo ayé lè rí dígí náà títí láé.

Bí ènìyàn bá kọ́ṣẹ́ fọ́tò fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí ó tó sá, ohun tí yóò bá lọ ni pé kí ó má gbé ẹni tí ó fẹ́ yà síwájú dígí. Ẹni tó ń yà á ni yóò hàn níbẹ̀. Bàbá Onífọ́tò ti fi ìka gbá a lórí nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ayàwòrán la ẹnu láti kìlọ̀, bí oníṣẹ́ gidi. Ó tún pa á dé.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn ló wù yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ṣé kí a má sún àga náà sí ọ̀dọ̀ fèrèsé?"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó nínú ilé ìyá mi ni? Mo ní ibẹ̀."

"Kò burú," ni Ayàwòrán wí. Kò burú rárá.

Ìyá Àgbà jókòó, ó wé ìborí funfun, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín eékún rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá Tíṣà dúró lọ́tùn-ún rẹ̀, Káfíńtà lósì, Agbẹjọ́rò àti Ṣọ́jà jókòó sórí ìtẹ̀ẹ̀lẹ̀ níwájú. Wọ́n na ọwọ́ sí Kékeré, ó figbe ta, kò gbà kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

"Níbo ni ìyàwó wà?" Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá," ni Ọ̀gá Tíṣà dáhùn.

Lóòótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì fi ara balẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó rẹ ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Ìyá Àgbà dọ́gba, tí òjìji ẹ̀rọ náà fi sá pamọ́ sẹ́yìn orí arúgbó náà nínú dígí. Kò tan iná. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó. Ó dín ojú kámẹ́rà kù kí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lọ́nà jíjìn lè hàn kedere bákan náà. Ó fi okùn gígùn tí a fi ń tẹ kámẹ́rà sọ́wọ́, ó nàró, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó sì na ọrùn.

"Kí lo ń ṣe ara rẹ lóge sí?" ni Ọ̀gá Tíṣà wí. "Àwa là ń yà."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ṣọ́jà, bí o bá mí èémí, mo máa gbọ́ o."

"Ẹ̀rí wo lo ní pé o lè gbọ́ èémí?" Agbẹjọ́rò bèèrè.

"Jókòó jẹ́ẹ́."

Kò wo kámẹ́rà. Ó wo dígí, tààrà, sínú ojú ara rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni Kékeré yọ orí lókè èjìká rẹ̀, ó rí ọmọ mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán tẹ okùn.

"Jẹ́ kí n wò ó," ni Ọ̀gá Tíṣà wí.

"Èyí kì í ṣe irú tí à ń wò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. A ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná. Ẹ sì mọ̀ pé fífọ̀ kò nira fún wa nílé wa."

Ìgbà tí fọ́tò náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àwo omi ìfọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó yọ ni òun. Ó dúró láàárín gbogbo wọn, lókè orí Ìyá Àgbà, tí góòlù yí i ká, gbangba, bí ẹni tó gbé gbogbo ẹbí náà sítan, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ní èjìká rẹ̀. Káfíńtà wò ó lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ dá ilé rú ni?"

"Mo fẹ́ wà nínú ilé ni. Bí ìyẹn bá dá a rú, ẹ tún un tò."

"Ó máa bínú."

"Èmi ti bínú fún ọdún mẹ́fà, ìwọ sì jẹun dáadáa ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà."

Káfíńtà fi ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ìwọ̀n, ó wọn fọ́tò náà, ó sì mú pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù sọ̀kalẹ̀. Ó fi dígí sí iwájú, pákó sí ẹ̀yìn, ó kan ìṣó sí i yíká, èyí tó tó kan ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n gbé e dé pálọ̀. Àlejò kò tíì dé. Ọ̀gá Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó ya bébà tí wọ́n fi wé e. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí ojú ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yà sókè orí Ìyá Àgbà.

"Kí lèyí?"

"Fọ́tò ẹbí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló ní kí o wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ yan ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín."

"Gé e. Gé òkè rẹ̀ kúrò, kíá, kí àwọn ènìyàn tó dé."

Ayàwòrán ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ láti ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí ẹni ń gbé omi fún àgbà. "Ẹ fúnra yín gé e. Àmọ́ ẹ rọra o. Màmá jókòó, ẹ̀yin dúró. Ibi tí orí yín dé náà ni tèmi dé. Bí ẹ bá gé mi, orí tiyín á bá mi lọ, ìborí Màmá á sì tẹ̀lé wa. Àwọn ọmọ mi nìkan ló máa kù."

Ọ̀gá Tíṣà wo àlùmọ́gàjí, ó wo fọ́tò. Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ìwọ, tú u. Tú férémù yẹn, kí o gbé e padà."

Káfíńtà dìde, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ayàwòrán wò ó. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ pa orí, ó wo ilẹ̀, ó sì wí pé, "Àǹtí mi, mi ò tú u."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò tú u. Ẹ má bínú. Ìyá àwọn ọmọ mi ni."

Láti orí àga rẹ̀, Ìyá Àgbà na ọ̀pá. "Agbẹjọ́rò, wá. Ojú mi kò gbé e. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà súnmọ́ fọ́tò, ó na ìka. "Ẹ̀yin nìyí, Ìyá Àgbà. Àǹtí nìyí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi. Èmi. Ṣọ́jà, ó dijú."

"Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

"Màmá mi ni. Wọ́n pọn Kékeré. Òun ló ń rẹ́rìn-ín jù."

"Ó ṣe wá jẹ́ pé nígbà tí mo bèèrè ìyàwó, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà," ni Agbẹjọ́rò wí. "Ẹ̀rí wà níbẹ̀."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ gbé e kọ́. Ọgọ́rin ọdún mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

Wọ́n gbé e kọ́. Nígbà tí oòrùn fi yẹ̀ díẹ̀, pálọ̀ ti kún, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Ọ̀gá Tíṣà sì wà lára wọn, lórí àga tó kọjú sí ògiri. Ayàwòrán gbé omi wọlé. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Òun ni ó fẹ́ gbé e.

"Fọ́tò yìí mà kún o," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. "Ta ni arẹwà tó pọn ọmọ yìí, tó dúró sáàárín yín bí ẹni tó ni ilé?"

Agbẹjọ́rò ti la ẹnu. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọmọ náà sì pa ẹnu dé. Ayàwòrán dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́, kò pín in, kò sì wo ẹlòmíràn bí kò ṣe Ọ̀gá Tíṣà. Ó ní gbogbo àkókò tó wà láyé.

Ọ̀gá Tíṣà tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dẹ etí sílẹ̀.

"Ìyàwó àbúrò mi ni," ni ó wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni àlejò náà wí.

"Òun ni ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ayàwòrán wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ó jọ pé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́."

Ojú Ọ̀gá Tíṣà pọ́n. Kò sí ibi tí ó fẹ́ sá sí. Gbogbo pálọ̀ ni ó ti yíjú sí i. "Mo ní ìyá wọn ni," ni ó wí sókè, bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì. "Ìyá àwọn ọmọ wa ni."

Ìgbà yẹn ni Ayàwòrán kúnlẹ̀, tí ó pín omi. Ọ̀gá Tíṣà ni ó kọ́kọ́ fún, ó sì dúró títí ó fi mu ún tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń rìn padà sílé, Káfíńtà fà á ní apá aṣọ. "Ṣé inú rẹ ti rọ̀ báyìí?"

"Rọ̀ kẹ̀?" Ayàwòrán sún Kékeré sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì so ọ̀já rẹ̀ le. "Àlejò mélòó lo rò pé ó ń wọ pálọ̀ Màmá lóṣù kan?"

Káfíńtà ronú. "Wọ́n á tó ogún."

"Ogún yẹn náà ló máa bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ṣọ́jà ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.